Ẹ̀yin Béèrè, Àwa Dáhùn: Walter Rodney, tíṣà ìtàn tí ìjọba ń sá fún

Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan béèrè pé kí ló dé tó jẹ́ pé gbogbo rélùwéè tí àwọn Òyìnbó ṣe sílẹ̀ fún wa, ọ̀nà èbúté ni wọ́n dorí kọ, bí ẹni pé kò sí ibòmíì láyé. Mo dáhùn pé Walter Rodney ti sọ̀rọ̀ yẹn tán tipẹ́, mo sì kọjá síbòmíì. Ọ̀rọ̀ ìlà kan péré o. Mi ò mọ̀ pé ilé agbọ́n ni mo fọwọ́ kàn. Lẹ́tà, mẹ́sééjì, ìpè, kódà ẹni tó ń bá mi tún jẹnẹrétọ̀ ṣe dúró lórí iṣẹ́, ó ní "ọ̀gá, ta ni Rodney yìí gan-an?" Torí náà òun la máa fi gbogbo ojú ìwé toṣù yìí ṣe. Mo ti pa àwọn ìbéèrè tó jọra pọ̀, ẹni tí kò bá rí tiẹ̀ kó má bínú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Rodney tí ẹ dárúkọ yẹn, ọmọ mi ní ará Jàmáíkà ni, èmi ní ará Amẹ́ríkà ni, a jiyàn ọ̀rọ̀ yìí títí ẹ̀bà fi tutù. Ta ló jàre? (Ìyá ìbejì, Abẹ́òkúta)

Mà á, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jẹ̀bi, àmọ́ ọmọ yín sún mọ́ ọn díẹ̀. Ará Guyana ni. Orílẹ̀-èdè yẹn wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ó bá Brazil àti Venezuela pààlà, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ torí pé abẹ́ ìjọba Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n wà títí di 1966. Oko ìrèké ló sọ ibẹ̀ di ìlú. Wọ́n kó àwọn èèyàn wa láti Áfíríkà lọ ṣe ẹrú nínú oko ọ̀hún, nígbà tí oko ẹrú wá parí, àwọn olóko ò fẹ́ sanwó gidi, ni wọ́n bá lọ kó àwọn ará Íńdíà wá. (Yorùbá ò ṣàì sí níbẹ̀ o, torí àwọn tí ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lórí òkun, wọ́n kó nínú wọn lọ síbẹ̀.) Ẹ rántí ọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú àti ará Íńdíà yìí, ó máa wúlò níwájú.

Georgetown tó jẹ́ olú ìlú ni wọ́n bí i sí, ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 1942. Télọ̀ ni bàbá ẹ̀, ìyá ẹ̀ náà ń ránṣọ. Ìtàn kan wà tí òun fúnra ẹ̀ sọ nípa ìgbà èwe ẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an. Lọ́dún 1953 wọ́n fẹ́ dìbò àkọ́kọ́ tí gbogbo àgbàlagbà lẹ́tọ̀ọ́ láti dì, bàbá ẹ̀ sì wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú PPP ti Cheddi Jagan, ni wọ́n bá kó ìwé ìpolongo fún ọmọ ọdún mọ́kànlá yìí pé kó máa pín in láti ojúlé dé ojúlé. Ó ní ibẹ̀ lòun ti kọ́kọ́ rí i pé ìka ò dọ́gba, torí tó bá ti dé àwọn ilé ńlá tó jẹ́ pé èèyàn á rìn rìn rìn látẹnu géètì kó tó kan ilẹ̀kùn, ajá ni wọ́n máa ń tú sí i. Ilé kékeré, wọ́n á gba ìwé. Ilé ńlá, ajá! Ẹ̀kọ́ yìí ò nílò yunifásítì rárá. PPP wọlé ìbò yẹn, àmọ́ kò tó oṣù mẹ́fà tí ìjọba Lọ́ńdọ̀nù fi kó ṣọ́jà wọ̀lú tí wọ́n sì lé wọn dànù lórí àga.

Orí ọmọ náà pé. Sìkọ́láṣípù ló gbé e wọ Queen's College ní Georgetown, sìkọ́láṣípù náà ló gbé e lọ sí yunifásítì ní Mona ní Jàmáíkà (ọmọ yín rí nǹkan), ó gboyè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ ìtàn ní 1963, fáàsì kíláàsì. Láti ibẹ̀, ó di Lọ́ńdọ̀nù, ní SOAS, ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà fún ìmọ̀ nípa Áfíríkà àti Éṣíà, tó bá di 1966 ó ti di dókítà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Kì í ṣe dókítà inú yàrá lásán o, ó kọ́ èdè Potogí kó lè ka àwọn ìwé àtijọ́ tí àwọn olówò ẹrú kó pamọ́ sí Lisbon, torí ó ti rí i pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí olè ṣe, kó lọ wo ìwé àkọsílẹ̀ olè. Ọdún tó ṣáájú èyí, 1965, ló fẹ́ Patricia, ọmọ ìlú ẹ̀, ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí: Shaka, Kanini àti Asha.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé kọ́múníìsì ni? Mo fẹ́ mọ̀ kí n tó ra ìwé ẹ̀ sínú ilé. (Díákónì kan, Ṣàgámù)

Bẹ́ẹ̀ ni sà, ọmọ ẹ̀yìn Karl Marx ni, kò sì fi pamọ́ fẹ́nikẹ́ni. Nígbà tó wà ní akẹ́kọ̀ọ́ ó lọ wo Kúbà, ó lọ wo Rọ́ṣíà, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù Jàmáíkà sì gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tó dé. Ní Lọ́ńdọ̀nù, òun àti àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan láti erékùṣù Caribbean máa ń pàdé nílé C. L. R. James, àgbà òpìtàn ará Trinidad, wọ́n á máa ka Marx, wọ́n á máa jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àmọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn kẹ́ ẹ tó pinnu: ìjọba tó gbẹ̀mí ẹ̀ náà ń pe ara ẹ̀ ní sósálíìsì. Orúkọ nìkan ò tó fi mọ èèyàn sà.

ÌBÉÈRÈ: Mo rí i níbì kan tí wọ́n ń pe nǹkan ní rògbòdìyàn Rodney ní Jàmáíkà. Ṣé òun ló dá wàhálà sílẹ̀ ni? Ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, mi ò fẹ́ kọ́ wọn lódì. (Tíṣà ilé ìwé girama, Òṣogbo)

Tíṣà, ẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe rògbòdìyàn ọ̀hún, kò tiẹ̀ sí nílùú lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dùn.

Oṣù kìíní ọdún 1968 ló padà sí Mona láti wá kọ́ni ní yunifásítì tí òun náà ti jáde. Ó ti kọ́ni díẹ̀ ní Tànsáníà kó tó dé. Ẹ mọ bí yunifásítì ṣe máa ń rí, ó wà lórí òkè, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, koríko tútù, àwọn ọmọ olówó ń rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀. Nísàlẹ̀ ni Kingston tòótọ́ wà, àwọn ilé páànù, àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́, àti àwọn Rasta, tí àwọn ọlọ́pàá ayé ìgbà yẹn kà sí wèrè àti ọ̀daràn, tí wọ́n ń gé irun wọn tipátipá. Dókítà Rodney bá ń sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn. Kò gbé àga dání, kò gbé àpótí ìwàásù dání. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú wọn, lórí ohunkóhun tó bá wà, ó ń sọ ìtàn Áfíríkà fún wọn, ìtàn Mali, Benin, Ethiopia, ó sì ń fetí sílẹ̀ sí tiwọn. Àwọn Rasta ní orúkọ fún ìjókòó yìí, "grounding" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé gbogbo wa la wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó ga ju ẹnì kan lọ. Òun ló fi orúkọ yẹn sọ ìwé kékeré tó jáde ní 1969.

Àwọn ọlọ́pàá inú bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìròyìn nípa ẹ̀. Tíṣà ń bá àwọn mẹ̀kúnnù sọ̀rọ̀ ìtàn, wọ́n gbé e wọ fáìlì! Oṣù kẹwàá, ó lọ sí Montreal ní Kánádà fún ìpàdé àwọn òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú. Ọjọ́ 15 oṣù náà ó ń padà bọ̀, bàálù balẹ̀ ní Kingston, wọ́n ní kó má sọ̀kalẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ wà nínú ìlú, ilé ẹ̀ wà níbẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ wà níbẹ̀, ìjọba Hugh Shearer ní ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ Jàmáíkà mọ́. Bàálù kan náà ló gbé e padà.

Lọ́jọ́ kejì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ aṣọ yunifásítì wọn, wọ́n ní ọ̀dọ̀ mínísítà làwọn ń lọ. Ọlọ́pàá yin tajútajú sí wọn. Ibi tí ìjọba ti ṣìṣe nìyẹn, torí nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ìsàlẹ̀ ìlú pé tíṣà tó máa ń jókòó tì wá ni wọ́n lé, àwọn tí kò ní káàdì akẹ́kọ̀ọ́, tí wọn ò dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì rí, jáde sígboro. Wọ́n jó bọ́ọ̀sì, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀mí bá a lọ. Tẹ́ ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹ sọ fún wọn pé oṣù mẹ́wàá péré ló lò ní Jàmáíkà lẹ́ẹ̀kejì yẹn. Mo mọ àwọn tó kọ́ni fún ogójì ọdún tó jẹ́ pé tí wọ́n bá lé wọn lóni, mẹ́sínjà nìkan ló máa mọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ìwé Rodney lórí Áfíríkà, wọ́n ní gbogbo ẹ̀bi ló gbé ka Òyìnbó lórí. Ṣé a ò ní kúrò nínú ẹkún yìí ni? Àwọn tó ń jí owó wa lónìí, ṣé Òyìnbó ni wọ́n? (Àǹtí oníṣòwò, Ìlọrin)

Àǹtí, inú mi dùn sí ìbéèrè yìí torí ó dá mi lójú pé ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ò ka ìwé náà, àkọlé ló kà. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Tèmi tí mo rà nígbà tí mo wà ní kámpọ́ọ̀sì, ó pẹ́ kí n tó ṣí i, ọjọ́ tí mo wá ṣí i mi ò lọ kíláàsì.

How Europe Underdeveloped Africa ni àkọlé ẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ni pé bí Yúróòpù ṣe fa Áfíríkà sẹ́yìn. Ó jáde ní 1972, òǹkọ̀wé ò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Lẹ́yìn wàhálà Jàmáíkà ó ti padà sí Tànsáníà ní 1969, ní Yunifásítì Dar es Salaam, nígbà tí Ààrẹ Nyerere ń ṣe Ujamaa, ìyẹn ètò sósálíìsì tiẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ ajìjàgbara láti gbogbo Áfíríkà ń wọ́ lọ síbẹ̀. (Museveni tó ń ṣe ààrẹ Uganda láti 1986 títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, akẹ́kọ̀ọ́ ni níbẹ̀ nígbà yẹn, ó ń pariwo ìjàgbara. Ẹ jẹ́ ká fi ibẹ̀ sílẹ̀.) Ilé iṣẹ́ ìwé kékeré kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí tọkọtaya ará Guyana dá sílẹ̀, Bogle-L'Ouverture, pẹ̀lú ilé iṣẹ́ ìwé Tànsáníà ló tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé kì í ṣe pé Áfíríkà "kù sẹ́yìn" bí ẹni tó sùn gbàgbé tí ọkọ̀ fi já a sílẹ̀. Ó ní a ń lọ ní ọ̀nà tiwa, ó tiẹ̀ ya apá kan sọ́tọ̀ fún Yorùbá, ó sọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ àti àwọn ẹlẹ́ṣin wọn, ó sọ̀rọ̀ Dahomey, kí òwò ẹrú tó kó àwọn ọ̀dọ́ tó yẹ kó roko, kó rọ irin, kó bímọ. Tí oko méjì bá wà létí ara wọn tí ẹnì kan wá ń kó ẹbu inú oko kejì lọ gbìn sí tiẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ ò lè wá máa pe oníkejì ní ọ̀lẹ. Àpèjúwe tèmi nìyẹn o, Rodney ò sọ ọ̀rọ̀ iṣu. Nọ́ńbà ló fi ń sọ tiẹ̀, òun gan-an ló mú kí ìwé náà máa dun èèyàn. Ẹ gbọ́ ọ̀kan. Ní 1946, àjọ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ tó ń ra irè oko wa, iye tó ń san fún ará Nàìjíríà lórí tọ́ọ̀nù epo pupa kan lé díẹ̀ ní pọ́n-ùn 16. Tí epo yẹn bá dé Lọ́ńdọ̀nù, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí oúnjẹ níbẹ̀ ń tà á ní pọ́n-ùn 95. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ bá mi ṣírò èrè yẹn. Ó tún wí pé owó tí wọ́n ń san fún awakùsà èédú ní Enugu tó ń wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ́jọ́ kan jẹ́ ṣílè kan, pé ohun tí awakùsà ará Scotland ń gbà ní wákàtí kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí ti Enugu ń gbà ní ọjọ́ mẹ́fà.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti Ìbàdàn. Ó ní kí ogun Hitler tó bẹ̀rẹ̀, àwọn Òyìnbó tó wà ní Ìbàdàn ò ju bí 50 lọ, ìjọba sì ya ọsibítù sọ́tọ̀ fún wọn, bẹ́ẹ̀dì 11, ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Àwọn ará Ìbàdàn tí wọ́n tó ìdajì mílíọ̀nù, bẹ́ẹ̀dì 34. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá ìyá mi bímọ nínú Ìbàdàn yẹn, àwọn ọmọ tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ju àwọn tó yè lọ, àjẹ́ ni wọ́n sọ pé ó ń pa wọ́n. Ilé ọkọ fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e. Kò sẹ́ni tó dárúkọ bẹ́ẹ̀dì 34.

Ní ti àwọn olè tiwa, Rodney ò dá wọn sílẹ̀. Láti ojú ìwé ìṣáájú ló ti sọ pé àwọn aláwọ̀ dúdú tó bá wọn jẹ́ abọ́bakú, tó ń jẹun lára ètò yẹn, wọ́n jọ pín ẹ̀bi ni, ó sì ní ọwọ́ àwa ọmọ Áfíríkà ni àtitú ètò náà palẹ̀ wà. Kódà ní Tànsáníà tí wọ́n ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, nígbà tó sọ̀rọ̀ gbígbóná nípa àwọn olórí Áfíríkà ní 1969, ìwé ìròyìn ìjọba ibẹ̀ gbé e, wọ́n nà án ní ẹgba ọ̀rọ̀.

Kí n má bàa dà bí agbẹnusọ, ìwé náà ní àléébù. Ó yára ju, ó fi gègé gbòòrò ya àwọn nǹkan tó nílò gègé tẹ́ẹ́rẹ́. Ó wí nínú iṣẹ́ ìwádìí ẹ̀ ìṣáájú pé òwò àwọn Òyìnbó ló bí oko ẹrú sáàárín àwọn ará etíkun Guinea, J. D. Fage àti àwọn òpìtàn míì bá a fa ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Bó sì ṣe ń yin àwọn orílẹ̀-èdè kọ́múníìsì nígbà yẹn, ká ní ó pẹ́ láyé, bóyá á tún un kọ. Èrò tèmi nìyẹn. Ẹ rà á kẹ́ ẹ bá a jà fúnra yín, ẹ má ṣáà yá a fún ọ̀rẹ́, torí ọ̀rẹ́ mi kan yá tèmi fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ó ti lé lógún ọdún báyìí.

ÌBÉÈRÈ: Báwo ló ṣe kú? Èmi gbọ́ pé bọ́ǹbù tó fẹ́ fi pa èèyàn ló pa á. (Ẹni tí kò fẹ́ ká dárúkọ òun, Èkó)

Ohun tí ìjọba ibẹ̀ fẹ́ kí gbogbo ayé gbà gbọ́ nìyẹn, ó sì dùn mí pé ó ṣì ń jà ràn-ìn títí di òní.

Ọdún 1974, Yunifásítì Guyana fún Rodney níṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn. Ó di ẹrù, ó kó ìyàwó àti ọmọ, ó ń bọ̀ nílé. Kó tó dé, wọ́n ti fagi lé iṣẹ́ náà, ìjọba Forbes Burnham ò fẹ́ ẹ nítòsí ọmọ ẹlòmíì. Gbogbo ayé rò pé á padà sẹ́yìn. Ó ní òun ò lọ ibì kankan, ilé baba òun nìyí.

Ẹ wá rántí ohun tí mo sọ nípa dúdú àti ará Íńdíà. Ẹgbẹ́ PNC ti Burnham, ti àwọn dúdú ni, PPP ti Jagan, ti àwọn ará Íńdíà. Burnham ń yí ìbò bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n ohun tó gbé e dúró gan-an ni pé ẹ̀yà méjèèjì ń bẹ̀rù ara wọn. Aláwọ̀ dúdú á ní ebi ń pa mí lóòótọ́, àmọ́ tiwa ṣáà ni. (Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, ẹ má wo ojú mi.) Rodney àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú tiwọn, WPA, sílẹ̀, dúdú àti ará Íńdíà pa pọ̀. Ní Guyana orí òpó ni wọ́n máa ń kọ́ ilé sí, abẹ́ ilé á wá ṣófo, abẹ́ ilé yẹn ló sọ di kíláàsì. Lónìí ó wà lọ́dọ̀ àwọn awakùsà ní Linden tí wọ́n jẹ́ dúdú, lọ́la ó wà lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ oko ìrèké tí wọ́n jẹ́ ará Íńdíà, ìtàn kan náà ló ń sọ fún wọn, pé ẹni tó ń jẹ wọ́n run ò yan ẹ̀yà. Ó tún ń fi Burnham ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ mọ ìtàn ọba Midas tó jẹ́ pé ohun tó bá ti fọwọ́ kàn á di góòlù, Rodney ní ti Burnham yàtọ̀, ohun tó bá fọwọ́ kàn, ìgbẹ́ ló ń dà. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ìjọba oníwà ipá lè fara da èébú, ẹ̀rín ni kì í lè fara dà.

Ọjọ́ 11 oṣù keje 1979, iná jó ilé tí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ PNC wà, wọ́n mú Rodney àti àwọn míì, wọ́n ní àwọn ló sun ún. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ẹ̀, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fẹ̀hónú hàn nítorí wọn, wọ́n gún àlùfáà Kátólíìkì kan, Bernard Darke, pa. Fọ́tò ló ń yà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù, wọ́n ní Rodney ò gbọdọ̀ jáde nílùú, ó yọ́ jáde lọ síbi òmìnira Zimbabwe, ó sì padà wá. Òun ni mo fi ń sọ fáwọn tó ní ó ń wá ibi sá sí. Ó ti wà níta, ó padà wá.

Alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù kẹfà 1980. Gregory Smith, ṣọ́jà tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ, ti sún mọ́ àwọn WPA tipẹ́ pé òun á bá wọn ṣe wọkí-tọkí, torí ìjọba ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ lórí fóònù. Donald, àbúrò Rodney, lọ gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ ẹ̀. Smith ní kí wọ́n wakọ̀ lọ sítòsí ọgbà ẹ̀wọ̀n kí wọ́n dán an wò. Donald ń wakọ̀, ẹ̀rọ wà lórí itan ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Bọ́ǹbù ló wà nínú ẹ̀. Rodney kú nínú ọkọ̀, ọmọ ọdún méjìdínlógójì, Donald fara pa. Smith ti gba French Guiana lọ, ibẹ̀ ló wà títí ikú fi mú un ní 2002, kò dúró ní kóòtù rí.

Donald tí Ọlọ́run yọ, òun ni wọ́n wá gbé lọ sí kóòtù, wọ́n ní òun ló gbé bọ́ǹbù dání, wọ́n sì dá a lẹ́bi ní 1982. Ọdún 2014 ni ìjọba Guyana tó gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde, nígbà tí ìròyìn wọn jáde ní 2016, wọ́n ní Smith ló ṣe bọ́ǹbù, àwọn agbófinró ràn án lọ́wọ́, àti pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ kí Burnham má mọ̀ sí i. Burnham ti kú láti 1985. Ọdún 2021 ni kóòtù tó wẹ Donald mọ́, ó ti darúgbó.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo fẹ́ kà, dádì mi ní lọ́ọ̀yà tàbí kí n má ka nǹkan kan, pé ta ló ń gba òpìtàn síṣẹ́. Ọmọ Ìbàdàn gidi ni wọ́n, wọn kì í gbọ́ bẹ̀bẹ̀. Kí ni kí n sọ? (Ọmọ yín, Ìbàdàn)

Àbúrò, mi ò ní purọ́ fún ẹ, dádì ẹ ò jẹ̀bi tán. Rodney tí gbogbo wa ń pariwo ẹ̀ yìí, láti 1974 tó ti padà sílé títí tó fi kú kò níṣẹ́ kan pàtó. Ó ń jáde lọ kọ́ni fúngbà díẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó lọ sí Hamburg ní Jámánì ní 1978, kó lè rówó bọ́ ọmọ mẹ́ta. Láàárín wàhálà yẹn ló ń jókòó ti àwọn ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́, tó fi kọ ìtàn àwọn òṣìṣẹ́ Guyana, dúdú àti ará Íńdíà, ìwé tó jáde ní 1981 lẹ́yìn ikú ẹ̀, tí ẹgbẹ́ àwọn òpìtàn Amẹ́ríkà fún ní àmì ẹ̀yẹ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó tún kọ ìwé ọmọdé, ọ̀kan nípa ọmọ tó ti Áfíríkà wá, ọ̀kan nípa ọmọ tó ti Íńdíà wá, kí àwọn ọmọ lè mọ ìtàn ara wọn kí àwọn olóṣèlú tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ṣó o mọ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀rí ikú ẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń béèrè iṣẹ́ ọwọ́? Aláìníṣẹ́. Ẹni tó gba dókítà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ọdún 2021 ni ìjọba Guyana tó ní kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n kọ ọ̀jọ̀gbọ́n síbẹ̀. Torí náà ohun tí dádì ẹ ń bẹ̀rù, ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó dára jù nínú iṣẹ́ yẹn, má bá wọn jiyàn lórí ẹ̀, wàá pàdánù.

Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ èmi ni pé màá dúró kí wọ́n jẹun tán lálẹ́ ọjọ́ Sunday. Màá béèrè lọ́wọ́ wọn pé dádì, ibo ni wọ́n ti bí bàbá yín, ilé ni àbí ọsibítù, ọmọ mélòó ni màmá bàbá yín bí, mélòó ló yè. Wọ́n á sọ. Àwọn àgbà máa ń sọ ti ìyẹn. Nígbà tí wọ́n bá sọ tán, ṣí ìwé Rodney síbi bẹ́ẹ̀dì 11 àti bẹ́ẹ̀dì 34 yẹn, kà á sí wọn létí, kó o sì dákẹ́. Má gbé ìwé náà lé wọn lọ́wọ́ o, wọ́n lè má dá a padà, fọ́tòkọ́pì sì lèyí tí èmi ní báyìí, mi ò lè yá ẹ.